Bí Ara Ẹ́ńjìnnì Ṣe Ní Egungun Ìhà

Nígbà láéláé, tí irin ṣì ń fọhùn bí ènìyàn, ara ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní bùlọ́ọ̀kù, ń dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́. Kò nípọn ju ìkòkò ọbẹ̀ lọ. Kò sì yani lẹ́nu, nítorí Ògúndépò tó ń da ìkòkò ló dà á.

Ògúndépò mọ iṣẹ́, ó sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n. Gbogbo obìnrin ìlú rẹ̀, Òkè Arọ̀, ló ń yìn ín pé ìkòkò rẹ̀ fúyẹ́ lórí. Nígbà tí wọ́n ní kó da ẹ́ńjìnnì fún ọkọ̀ ìlú, bó ṣe ń da ìkòkò náà ló ṣe dà á: ó tẹ yanrìn, ó yọ́ irin, ó dà á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Inú rẹ̀ dùn.

Ọkọ̀ náà ń sáré dáadáa ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè gun òkè. Bẹ́ẹ̀, orí òkè ni ìlú wà, ìsàlẹ̀ ni oko. Orí ni wọ́n ṣì ń fi ru iṣu wálé.

Ní ọjọ́ kan ni Tọ́bò dé, irin kékeré tí èéfín ẹ́ńjìnnì máa ń mú yí. Fífẹ́ atẹ́gùn ni iṣẹ́ tirẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n,” ó wí fún Ẹ́ńjìnnì, “èéfín tí ẹ ń tu dànù yẹn, ẹ fi fún mi. Èmi náà á máa fẹ́ atẹ́gùn sí yín nínú. A ó jọ gun òkè.”

Ẹ́ńjìnnì gbà. Wọ́n kó iṣu kún ọkọ̀. Tọ́bò ń súfèé, Ẹ́ńjìnnì ń bú ramúramù, ọkọ̀ ń gòkè. Kí wọ́n tó dé ìdajì, ara Ẹ́ńjìnnì là.

“Tọ́bò ló bà á jẹ́,” ni Ògúndépò wí.

“Èmi kọ́, bàbá. Bí mo ṣe ṣèlérí ni mo ṣe fẹ́ ẹ.”

Àwọn àgbà ìlú ní kí Ògúndépò tún un dà. Bó bá tún là, kó yọ́ ọ fi da ìkòkò. Ẹ̀rù ba Ẹ́ńjìnnì gidigidi.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ di ìkòkò ọbẹ̀,” ó bẹ̀bẹ̀. “Ọ̀nà ni mo fẹ́ràn.”

Ògúndépò àti Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀, ti ọkọ̀ náà gòkè lọ sílé kí ó lè tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dà. Nígbà tí wọ́n dé òkè, Ògúndépò ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó fọwọ́ di ẹ̀gbẹ́ mú.

“Ìyá Ọláòtán, èémí yìí fẹ́ fa àyà mi ya.”

Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín. “Kò lè fà á ya. Egungun ìhà yín ń ṣiṣẹ́. Ká ní àyà yín fẹ́lẹ́ bí ìkòkò yín ni, ẹ̀yin náà ò bá ti là.”

Ọwọ́ Ògúndépò ò kúrò ní ìhà rẹ̀. Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, ó wà nínú àpò ṣòkòtò.

Ó tún yanrìn tẹ̀. Ó jẹ́ kí ògiri Ẹ́ńjìnnì nípọn, ó la ọ̀nà omi sínú rẹ̀ kí ooru má baà pa á. Lẹ́yìn náà ló fi ìka fa ìlà sínú yanrìn, bí egungun ìhà ṣe tò sí ara tirẹ̀. Nígbà tó da irin sí i, ìlà wọ̀nyẹn yọ síta bí egungun lára Ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì kò fúyẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò ru ẹ́ńjìnnì lórí?

Wọ́n tún kó iṣu.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n rọra fẹ́ ẹ?” ni Tọ́bò bi í.

Ẹ́ńjìnnì ṣì ń bẹ̀rù, ṣùgbọ́n ó ní, “Fẹ́ ẹ dáadáa.”

Ọkọ̀ gòkè tán, Ẹ́ńjìnnì ò là. Iṣu dé ilé, kò sí ọrùn tó ro ẹnikẹ́ni.

Láti ọjọ́ náà ni ara ẹ́ńjìnnì ti nípọn, tó sì ní egungun ìhà. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ẹ tọrọ àyè kí ẹ fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì tó ti tutù. Ìhà Ògúndépò ni ẹ fọwọ́ kàn yẹn.