Fìlà Erin Nínú Àká Orí Àwọsánmà

Àlọ́ o!

Àlọ̀ọ̀!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó sẹ́yìn ìkòkò omi yẹn, mi ò gbọ́ yín. Àlọ́ o!

Àlọ̀ọ̀!

Ó dáa. Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó di ìtàkùn mú, ó gun àwọsánmà, ó já bọ́ síwájú Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Adéwọyin, mo mọ̀ pé Ìjàpá lo ń retí. Ìjàpá ò sí ńlé lónìí. Ẹni tó gbọ́n jù ú lọ ló rán wá.

Ní ìgbà kan rí, àwọn ẹranko da iṣẹ́ ńlá kan pọ̀. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, mo ní ńlá. Tó o bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka òṣìṣẹ́ ibẹ̀ nígbà tó o wà lọ́mọdé, irùngbọ̀n rẹ á ti kanlẹ̀ kó o tó kà dé ọ̀dọ̀ àwọn eèrà. Erin ni ọ̀gá wọn. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn péjọ sí àgbàlá Erin, ilẹ̀ rì, omi sun jáde níbẹ̀, ó di odò. Láti ọjọ́ náà, Erin ní kí kálukú máa ṣiṣẹ́ láti ilé ẹ̀. Ọ̀nì ń ṣe tiẹ̀ nínú omi. Ọ̀bọ ń ṣe tiẹ̀ lórí igi. Òkété ń ṣe tiẹ̀ nínú ihò, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ bóyá iṣẹ́ ló ń ṣe àbí oorun ló ń sùn.

Níbo ni wọ́n wá ń kó nǹkan wọn sí? Wọ́n kọ́ àká kan sórí àwọsánmà, kó má bàa jìnnà sẹ́nikẹ́ni. Ìtàkùn sọ̀ kalẹ̀ láti ibẹ̀ dé iwájú ilé kálukú. Tó o bá fẹ́ fi nǹkan pamọ́, o gun ìtàkùn rẹ. Tó o bá fẹ́ mú nǹkan, o gun ìtàkùn rẹ. Yàrá inú àká yẹn pọ̀ bí ihò afárá oyin, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbà wọlé, Àgbò ló sì ń ṣọ́ ọ. Ẹni tó bá ti kọjá Àgbò, ara ilé ni. Kò sẹ́ni tó máa tún bi í ní nǹkan kan mọ́.

Àgbébọ̀ adìẹ wà lára wọn. Oko ọkà tó jìnnà lòun ti ń ṣiṣẹ́. Ọdọọdún ló ń yé, ọdọọdún ni ejò ń gbé e mì. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ó kó ẹyin ẹ̀ lọ sínú àká. Oòrùn sún mọ́ ibẹ̀, ooru ẹ̀ ló ń bá a sàba.

Ó sọ fún Pẹ́pẹ́yẹ ọ̀rẹ́ ẹ̀ pé, "Tí àwọn wọ̀nyí bá tún lọ, mi ò ní yé mọ́ láyé."

"Má sọ bẹ́ẹ̀, ìyá ọmọ," ni Pẹ́pẹ́yẹ wí. "Wọn ò ní lọ."

Òṣìṣẹ́ ni Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ náà o. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó máa jíṣẹ́ fúnni, kò sì jíṣẹ́ kankan rí. Ṣùgbọ́n imú ẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Láti ilẹ̀ ló ti gbóòórùn ẹyin lókè. Ló bá gun ìtàkùn ẹ̀ lọ.

"Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, kí lo kó wá?" ni Àgbò bi í.

"Mo ní kí n wá kí ọ ni."

"Mo gbọ́. O ti kí mi. Máa lọ."

Ó sọ̀ kalẹ̀. Inú ń bí i, itọ́ ń dà lẹ́nu ẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Erin lọ wẹ̀ lódò. Ó fi fìlà àti ọ̀pá ẹ̀ kọ́ ẹ̀ka igi. Fìlà Erin kì í ṣe fìlà yẹpẹrẹ o. Ìdílé kan lè sá òjò sábẹ́ ẹ̀, kí àyè ṣì kù fún ìyá ìyàwó. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kó sínú fìlà, ó wọ́ ọ̀pá, ó gun ìtàkùn Erin. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó wúkọ́ bí àgbà: ẹ̀hẹn.

Ẹ sì mọ̀ bí wọ́n ṣe tọ́ Àgbò. Ọmọ tí wọ́n kọ́, tó gbẹ̀kọ́ ni. Bó ṣe tajú kán rí fìlà, gbọọrọ ló nà sílẹ̀. Àyà kanlẹ̀, imú kanlẹ̀, ìwo méjèèjì wọnú ilẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Ilé ńkọ́? Àwọn ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Wọ́n wà."

Ẹ̀yin ọmọ, ẹni tó dọ̀bálẹ̀, ṣé ó lè rí ojú ẹni tó ń kí? Àgbò ò tíì fa ìwo ẹ̀ yọ nílẹ̀ tí Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ fi wọlé. Ó jẹ ẹja gbígbẹ Ọ̀nì. Ó jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ Ọ̀bọ. Ó jẹ títí ikùn ẹ̀ fi ń ti fìlà sókè. Nígbà tó fi máa dé yàrá ẹyin, kò sáyè nínú ẹ̀ mọ́. Ó rọra gbóòórùn, ó ní, "Ẹ dúró dè mí. Mò ń padà bọ̀." Ó lọ, ó dá fìlà àti ọ̀pá padà sórí ẹ̀ka.

Ìgbà tí Ọ̀nì débẹ̀, ó bá egungun ẹja. Ó ké. Wọ́n pèpàdé, àwọn díẹ̀ ló wá, kí ilẹ̀ má bàa tún rì.

Àgbò ní, "Bàbá nìkan ló wọlé o."

"Èmi?" ni Erin wí. "Èmi tí mi ò jẹ ẹja rí?"

Àgbébọ̀ bá dìde. "Bàbá, ẹ foríjì mí. Ẹyin mi wà nínú àká yẹn. Ẹ jẹ́ kí olùṣọ́ wà lẹ́nu yàrá kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n máa bi gbogbo ẹni tó bá dé pé ta ni, kí ló wá mú. Kódà ẹ̀yin."

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ fò sókè. "Ayé ti bàjẹ́! Kí wọ́n máa bi Erin pé ta ni? Ìyá Ẹyin, ṣé bí wọ́n ṣe tọ́ ẹ nílé yín nìyẹn?"

Ẹ wo olè tó ń làágùn torí ọmọlúàbí.

Erin ju etí. Atẹ́gùn ẹ̀ wó ìrókò méjì. Ó yíjú sí Àgbò. "Lọ́jọ́ yẹn, ṣé ojú mi lo rí àbí fìlà mi?"

Àgbò ń wolẹ̀. "Fìlà ni, Bàbá."

"Fìlà mi lo kí nìyẹn. Láti òní lọ, ẹ máa bi mí. Ẹ kọ́kọ́ bi mí kẹ́ ẹ tó dọ̀bálẹ̀. Ẹ bi mí lẹ́nu ọ̀nà, ẹ tún bi mí ní yàrá kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè ò ní já mi nírù."

Wọ́n da amọ̀ tútù sẹ́nu gbogbo ilẹ̀kùn, kí kálukú máa fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n rí i pé ẹsẹ̀ ẹ̀ ni. Wọ́n fi Alákàn sí yàrá ẹja. Wọ́n fi Pẹ́pẹ́yẹ sí yàrá ẹyin. Wọ́n ń kọrin. Ẹ gbè é fún mi:

Ta ni yẹn o?
*Fẹsẹ̀ tẹ amọ̀.*
Bó o bá jẹ́ Bàbá,
*Fẹsẹ̀ tẹ amọ̀.*
Bó o wọlé lánàá,
*Fẹsẹ̀ tẹ amọ̀.*
Àná ti lọ, òní dé,
*Fẹsẹ̀ tẹ amọ̀.*

Ṣé Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ gbọ́? Ó gbọ́. Ó lọ gbé odó. Ọjọ́ tí Erin tún lọ wẹ̀, ó kó sínú fìlà, ó gbé odó sínú ẹ̀, ó gòkè. Nígbà tí Àgbò ní kó fẹsẹ̀ tẹ amọ̀, ó fi ìdí odó tẹ̀ ẹ́. Àgbò wò ó. Ó rí roboto, ó fẹ̀. Ó ní, "Ẹ wọlé, Bàbá." Ẹ má bú Àgbò. Ìdí odó àti àtẹ́lẹsẹ̀ Erin, bí ìbejì ni wọ́n rí.

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ rò pé ó parí. Yàrá ẹyin ló gbà lọ tààrà. Pẹ́pẹ́yẹ dúró lẹ́nu ẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Ta ni yín?"

"Ṣé o ò rí fìlà ni? Àgbò ti bi mí."

"Àgbò bi yín torí ẹnu ọ̀nà. Èmi ń bi yín torí ẹyin. Kí lẹ wá mú?"

"Mo kàn wá wò wọ́n ni."

"Ó dáa, Bàbá. Ẹ ké kí n gbọ́. Ẹ ké bẹ́ ẹ ṣe máa ń ké, tí àwọsánmà fi ń mì."

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ fa èémí, ó ké: "Wẹ́ẹ̀ẹ̀." Ó dún bí isó ìyàwó tuntun níwájú àna.

Ìgbà yẹn gan-an ni ẹyin kan sán nínú yàrá. Nǹkan kan ké níbẹ̀: píyọ́, píyọ́. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ gbọ́, itọ́ bá dà.

"Bàbá," ni Pẹ́pẹ́yẹ wí, "òjò ń rọ̀ nínú fìlà yín."

Kó tó dáhùn, ohùn kan dún lẹ́nu ọ̀nà. Erin gidi ti dé, omi ń ro lára ẹ̀, kò dé fìlà. Ẹ má bi mí bí ó ṣe gun ìtàkùn. Ìtàkùn ayé ìgbà yẹn, ìtàkùn ni.

"Ta ló gbé fìlà mi?"

Àgbò ò dọ̀bálẹ̀. Ó gbójú sókè. "Bàbá, ta ni yín?"

Erin gbẹ́sẹ̀ sókè, ó tẹ amọ̀, amọ̀ ta dé ojú oṣùpá, ó ṣì wà níbẹ̀ dòní. Àgbò bẹ̀rẹ̀, ó wo ojú ẹsẹ̀ náà. Ó rí èékánná. Ó wo ti àkọ́kọ́. Kò rí èékánná.

"Bàbá," ló wí, "odó kan ti wọlé lórúkọ yín."

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ gbọ́, odó já mọ́ ọn lọ́wọ́, ó bà lé e lọ́mọ ìka ẹsẹ̀. Ó ké lóhùn ara ẹ̀. Fìlà bọ́. Ó sáré títí, ìwo Àgbò ló bá pàdé. Àgbò kàn án kan, ó já bọ́ láti orí àwọsánmà. Ó ń bọ̀ nísàlẹ̀ títí ebi fi pa á lójú ọ̀nà. Inú ẹ̀gún ló balẹ̀ sí. Láti ìgbà náà ló ti ń fi igbó bojú, tí kò sì níṣẹ́ lọ́wọ́.

Wọ́n ránṣẹ́ sí Àgbébọ̀. Ó gun ìtàkùn débẹ̀. Ó ń gbọ́ píyọ́ píyọ́ nínú yàrá. Ó fẹ́ wọlé. Pẹ́pẹ́yẹ ọ̀rẹ́ ẹ̀ na ìyẹ́ dí i lọ́nà.

"Ta ni yín?"

Àgbébọ̀ bú sẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́ lójú ẹ̀. "Ìyá wọn ni. Máa bi mí. Má jẹ́ kó sú ọ."

Ó fẹsẹ̀ tẹ amọ̀. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ìdùnnú ò jẹ́ kó dá a dúró. Pẹ́pẹ́yẹ wò ó, ó yà fún un, àwọn ọmọ sì dà lé e lórí. Kò sí ọ̀kan tó sọnù.

Ìdí nìyẹn tí adìẹ fi máa ń fẹsẹ̀ tan ilẹ̀ níbi tó bá dé, kó tó fẹnu kan nǹkan. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ló ń fi hàn.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ìbọ̀wọ̀ fún àgbà ò ní ká má bi í. Ẹni tẹ́ ẹ mọ̀ lánàá, ẹ tún bi í lónìí. Ẹni tó bá sì jẹ́ onílé lóòótọ́, kò ní bínú. Tó bá jẹ́ pé mo bù mọ́ ọn, ẹ ní kí Pẹ́pẹ́yẹ wá bi mí. Adéwọyin, lọ ti ilẹ̀kùn ilé adìẹ. Tí mo bá kàn án, kọ́kọ́ bi mí pé ta ni.