Iná Funfun Tí Kò Gbọdọ̀ Pe Èsúnsún

Olóyè Látòsà tó ni hòtẹ́ẹ̀lì sọ fún Sàdíátù oníná pé, “Gílóòbù pupa tí o fi síta nítorí èsúnsún yìí ṣókùnkùn jù. Funfun ni mo fẹ́ níta, ṣùgbọ́n bí mo bá rí èsúnsún kan ṣoṣo lábẹ́ rẹ̀, ẹlòmíì ni n ó gbé iṣẹ́ fún.” Iná pípààrọ̀ ti sú Sàdíátù, ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé èsúnsún kì í rí iná funfun lẹ́yìn òjò kó má wá. Ó ní, “Ó dáa, Bàbá.” Nígbà tí òjò dá nírọ̀lẹ́, ó tan iná funfun, ó gbé ọpọ́n omi sábẹ́ rẹ̀, ó sì ké sí àwọn obìnrin àdúgbò. Bí èsúnsún ṣe ń já sómi ni wọ́n ń kó wọn lọ yan. Olóyè jáde, ó wo ilẹ̀ títí. “Wọ́n dà?” Sàdíátù gbé àwo èsúnsún yíyan fún un. Olóyè jẹ ẹ́ tán, ó ní, “Kọ́ iná funfun mìíràn sẹ́yìnkùlé.”