Okùn Tí Àdìgún Mú Wá

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlá oṣù kọkànlá ọdún 1925, Ajíbóyè, Ọ̀dọ̀fin Òkè-Ìyèrè, kú. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni.

Láti ìgbà náà ni àwọn ará Òkè-Ìyèrè ti ń sọ pé, "A kì í gba okùn nípò orí." Bí ẹnì kan bá wá jíṣẹ́ pé lágbájá ló rán òun, tí lágbájá fúnra rẹ̀ kò sì yọjú, òwe tí àgbà máa fi dá a lóhùn nìyẹn. Àlejò tó bá gbọ́ ọ máa ń béèrè ohun tó kan okùn kan orí. Àwọn tó mọ̀ ọ́n kì í fẹ́ sọ ọ́. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí.

Olóyèdé ló ń tún akẹtẹ̀ ṣe ní ìlú náà. Iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ni. Akẹtẹ̀ tí òjò ti pa, tí etí rẹ̀ ti wọ́, tí orí rẹ̀ ti rì wọnú, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ. Òfin kan ṣoṣo ni bàbá rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́: ẹni tó ni akẹtẹ̀ gbọ́dọ̀ wá jókòó sórí àpótí, kí wọ́n fi okùn yí orí rẹ̀ ká. Ìwọ̀n okùn yẹn ni wọ́n máa fi gbẹ́ igi bí orí ènìyàn, wọ́n á sì na akẹtẹ̀ lé igi náà lórí. Bí iṣẹ́ bá parí, wọ́n á kó igi sí àjà nítorí ọjọ́ mìíràn.

Akẹtẹ̀ kan wà tí Olóyèdé kò tíì fọwọ́ kàn rí. Ti ìdílé Ọ̀dọ̀fin ni. Ọwọ́ àwọn Àgùdà tó ti Bàràsílì dé ni bàbá ńlá Ajíbóyè ti rà á. Koríko rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun, wọ́n sì hun ún mọ́ra débi pé bí a bá bu omi sínú rẹ̀, kò ní jò. Ẹni tó bá jẹ Ọ̀dọ̀fin nìkan ló ń dé e. Bí ọ̀kan bá kú, wọ́n á sin ín tán kí wọ́n tó tún un nà sí ìwọ̀n orí ẹni tó kàn. Nígbà tí Ajíbóyè jẹ, ọdún méjìlá ṣáájú, bàbá Olóyèdé ló ṣe é. Olóyèdé nawọ́ sí i lọ́jọ́ náà, bàbá rẹ̀ gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù.

"Ọwọ́ ẹ ò tíì tó èyí."

Bàbá náà kú, ọwọ́ Olóyèdé sì ń yún un síbẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún oṣù kọkànlá, lọ́sàn-án gangan, Àdìgún, àbúrò Ajíbóyè, gbé akẹtẹ̀ náà dé. Aṣọ funfun ló fi wé e.

"Olóyèdé, wo bí òjò ṣe ṣe é. Ẹ̀gbọ́n mi ní kó o bá àwọn tún un ṣe."

"Àwọn fúnra wọn ńkọ́? Wọn ò bá yín wá?"

"Ara wọn ò yá. Wọ́n ti rù. Akẹtẹ̀ ń já bọ́ sí wọn lójú, kó o dín in kù." Ó fa okùn kan yọ nínú àpò, wọ́n ta kókó sí i. "Ìwọ̀n orí wọn rèé. Èmi ni mo wọ̀n ọ́n. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ o. Àìsàn ìjòyè kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjà."

Ó yẹ kí Olóyèdé wo okùn yẹn dáadáa. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára akẹtẹ̀. Ó gba méjèèjì.

Ó fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ nu ìdọ̀tí ara rẹ̀, ó fi aṣọ tútù dì í mọ́jú, ó gbé e sórí ooru ìkòkò títí koríko fi rọ̀. Ó gbẹ́ igi tuntun. Ní ọjọ́ Àìkú, ó ń fa akẹtẹ̀ náà wálẹ̀ lórí igi, díẹ̀díẹ̀, nítorí koríko tó ti gbó kì í gba ìkánjú. Ìyàwó rẹ̀ gbé oúnjẹ dé.

"Bàbá Dúró, orí ta ló kéré báyìí?"

"Orí Ọ̀dọ̀fin ni. Àìsàn ti mú wọn rù."

Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́ tiyín! Nígbà tí ibà ṣe yín lọ́dún tó kọjá, tí ẹ rù bí igi ìṣáná, ṣé fìlà yín bọ́? Ṣebí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló wọnú. Egungun orí kì í rù."

Ó ń rẹ́rìn-ín lọ sídìí ààrò. Olóyèdé gun àjà. Ó wá igi Ajíbóyè títí ó fi rí i, ó nu ekuru rẹ̀, ó fi okùn Àdìgún yí i ká. Okùn náà kò pé. Ó ku ìka mẹ́ta gbáko kí ẹnu rẹ̀ tó kan kókó.

Ó wá yé e. Ẹnì kan tí orí rẹ̀ kéré ń múra láti dé akẹtẹ̀ Ọ̀dọ̀fin, Ọ̀dọ̀fin kò sì tíì kú.

Ní ọjọ́ Ajé ó lọ sílé Ajíbóyè. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́wàá tí ẹnikẹ́ni ti rí ìjòyè náà kẹ́yìn. Àdìgún ti kó àwọn ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ lọ sóko, ó ní kí àìsàn má bàa ràn wọ́n. Ọkùnrin kan tí Olóyèdé kò mọ̀ rí fi apá dí ẹnu ọ̀nà.

"Wọ́n ń sùn."

"Mo kàn fẹ́ kí wọn ni."

"Mo ní wọ́n ń sùn. Àbí ìwọ lo fẹ́ jí wọn?"

Nínú yàrá ẹ̀yìn, ẹnì kan ń wúkọ́, ó sì ń béèrè omi. Olóyèdé gbọ́ ọ. Ó yí padà. Bó ṣe ń lọ, ọkàn rẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀ pé wọ́n ti dá òun padà, ìyẹn ló sì burú jù nínú gbogbo ohun tó ṣe.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Àdìgún wá gba akẹtẹ̀. Ó ti dà bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ hun, etí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, orí rẹ̀ dúró. Àdìgún yí i wò, kò lè mú ara dúró, ó dé e. Ó bá a mu wẹ́kú.

Wọ́n wo ara wọn.

"Ó bá yín mu, bàbá."

"Ọmọ ìyá kan náà ni wá. Orí wa jọra."

Ojú Àdìgún wá bọ́ sórí tábìlì, níbi tí igi méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ńlá àti kékeré. Olóyèdé ti gbàgbé láti dá èyí ńlá padà sí àjà. Àdìgún bọ́ akẹtẹ̀ náà, ó rọra fi aṣọ funfun wé e.

"Ọmọbìnrin rẹ, Dúró, ńkọ́? Mo rí i lódò láàárọ̀. Òun nìkan. Omi yẹn mà jìn níbi tó ti ń pọn."

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá."

"Kí ni mo sọ tó o fi ń bẹ̀ mí? Mo kàn béèrè ọmọ rẹ ni."

Láti ọjọ́ náà Olóyèdé ló ń pọn omi ilé rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá dún níta, á gbé iṣẹ́ sílẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ bi í ní ohun tó ń ṣe é, ó ní inú ló ń run òun. Ó lè tọ ọba lọ. Ó lè kígbe lọ́jà. Ọjọ́rú kọjá, Ọjọ́bọ̀ kọjá. Ní ọjọ́ Ẹtì, ẹkún sọ nílé Ọ̀dọ̀fin.

Wọ́n sin ín lọ́jọ́ kejì. Ibi tí wọ́n ti ń kó yẹ̀pẹ̀ bo òkú ni Àdìgún ti jáde pẹ̀lú akẹtẹ̀ náà lórí.

"Ẹ wò ó! Ẹnikẹ́ni ò tún un nà, ó sì bá mi mu. Àwọn bàbá wa ti yan ẹni tí wọ́n fẹ́."

Ariwo sọ. Àwọn kan ti ń dọ̀bálẹ̀. Yèyé Fádérera, olórí àwọn ọmọ-osú, àwọn obìnrin tí wọ́n bí sílé náà, tó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, fi ọ̀pá kan ilẹ̀.

"Àdìgún, sún mọ́ mi. Èmi ni mo pọn ẹ̀yin méjèèjì. Ajíbóyè là ń pè ní Olórí-odó nígbà tó wà ní kékeré. Báwo ni akẹtẹ̀ Olórí-odó ṣe wá bá orí ẹ mu?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n sì pa á mọ́ra lójijì.

"Mo ní ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án, Yèyé."

"Ẹni tó lè fọwọ́ kàn án ò ju ẹyọ kan lọ nílùú yìí. Olóyèdé dà?"

Àwọn èèyàn yà fún un. Àdìgún kò wò ó. Ọ̀dọ̀ Dúró ló ń wò. Ìyàwó Olóyèdé fa ọmọ náà sẹ́yìn ara rẹ̀. Olóyèdé bọ́ síwájú.

"Ìgbà wo lo gba akẹtẹ̀ yìí?"

"Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Yèyé."

"Ajíbóyè ṣì wà láyé?"

"Wọ́n wà láyé."

"Ta ló jókòó sórí àpótí rẹ?"

"Kò sẹ́ni tó jókòó. Okùn ni wọ́n mú wá fún mi."

"Ìgbà wo lo mọ̀ pé okùn náà kì í ṣe ti Ajíbóyè?"

"Ọjọ́ Àìkú."

Yèyé ka ọjọ́ lórí ìka rẹ̀: Àìkú, Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀. Ó na ọwọ́ náà sí i lójú, ìka márààrún.

"A kì í gba okùn nípò orí, Olóyèdé. Bàbá ẹ ò kọ́ ẹ bẹ́ẹ̀."

Wọ́n mú Àdìgún níbẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọkùnrin ẹnu ọ̀nà ti jẹ́wọ́ ohun tí wọ́n ń pò mọ́ ẹ̀kọ Ajíbóyè. Kò sẹ́ni tó fìyà jẹ Olóyèdé. Kò sì sẹ́ni tó tún gbé akẹtẹ̀ wá fún un.

Okùn ò ní ẹnu. Ibi tó bá wu ẹni tó mú un wá ni yóò ta kókó sí. Ẹni tí wọ́n bá jíṣẹ́ rẹ̀ fún ọ, dìde lọ wò ó. Bí wọ́n bá fi apá dí ọ, má yí padà. A kì í gba okùn nípò orí.

Ohun tí Ajíbóyè fi sílẹ̀ nìwọ̀nyí: ìyàwó méjì, ọ̀kan nínú wọn lóyún oṣù méje. Ọmọ mẹ́rin. Oko obì kan lẹ́bàá odò, wọn ò tíì ká a. Ilé onípáànù tí yàrá kẹta rẹ̀ kò tíì ní ilẹ̀kùn. Bàtà awọ kan, ti ẹsẹ̀ òsì ti jẹ. Àti lẹ́tà tó ń kọ lọ́wọ́, pé kí wọ́n wá dá ilé-ìwé sílẹ̀ ní Òkè-Ìyèrè, tó dúró síbi tó ti kọ ọ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè."