Apá Tó Ń Mì

Baálẹ̀ Oyèéwùmí ti fi sípánà yí nọ́ọ̀tì ìdí apá onígi kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó tún ń yí i. Wáyà inú igi ti ń ké. Ibẹ̀ ni òwe àwa ará Òkè-Ìlasa ti jáde: "Apá tó ń mì ló ń gbé agboòrùn." Àlejò tó bá gbọ́ ọ á ní òwe wa dorí kodò. Òwe kò dorí kodò. Baálẹ̀ ló dorí kodò.

Ọ̀jẹ́dòkun ló ń gbé agboòrùn Baálẹ̀ láti ìgbà tí irun àwọn méjèèjì ṣì dúdú. Nígbà tó darúgbó, apá rẹ̀ ń mì, agboòrùn náà sì ń mì. Kò sẹ́ni tó kà á sí, àfi ìgbà tí Ọba ìlú òkè ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ lọ́jọ́ ọdún ìjẹṣu, kí òun fojú ara òun rí i bóyá ó yẹ kí Baálẹ̀ wa dé adé. Fìlà ni àwọn baálẹ̀ wa ń dé láti ìwáṣẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, bí agboòrùn bá sì ń mì lórí olóyè, wọ́n ní oyè rẹ̀ ló ń mì.

Baálẹ̀ pe Ọ̀jẹ́dòkun.

"Apá rẹ yìí máa gba adé lọ́wọ́ mi."

"Baálẹ̀, bí ẹ̀yin náà bá nàró fún ọgbọ̀n ọdún, ẹ ó mì."

"Máa lọ sílé."

"Ó dàbọ̀. Kí oòrùn rọra pa yín o."

Baálẹ̀ wá ránṣẹ́ sí Bísíríyù tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, pé kó gbẹ́ apá tí kì í mì fún òun. Bísíríyù gé igi ìrókò márùn-ún, ó gbẹ́ wọn kí orí ọ̀kan lè jókòó sínú ìdí èkejì bí oríkèé. Ó lu ihò sí àárín wọn, ó sì fi wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ sín wọn bí ìlẹ̀kẹ̀. Ó ri òpó mọ́lẹ̀ lẹ́yìn àga Baálẹ̀, ó de apá igi náà mọ́ ọn. Nọ́ọ̀tì ìdí rẹ̀ ló ń fa wáyà. Bí wáyà bá dẹ̀, apá á ṣubú bí ọwọ́ ọ̀mùtí. Bó bá le, á dúró síbi tí a bá tẹ̀ ẹ́ sí.

Ó fi agboòrùn há a lọ́wọ́. Atẹ́gùn fẹ́. Apá náà mì díẹ̀, ó dúró.

"Ó ń mì," ni Baálẹ̀ wí.

"Ó gbọ́dọ̀ mì, Baba. Bí kò bá mì, wáyà ni gbogbo ìyà á jẹ."

"Mo lé Ọ̀jẹ́dòkun, o wá gbẹ́ Ọ̀jẹ́dòkun mìíràn fún mi."

"Tèmi kì í jẹun, Baba."

Baálẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Láàárọ̀ ọjọ́ ọdún, ó gba sípánà lọ́wọ́ Bísíríyù, ó yí nọ́ọ̀tì náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

"Ó ti tó, Baba."

Ó tún yí i. Apá náà gan bí òkú.

"Báyìí ni oyè ṣe ń dúró," ni Baálẹ̀ wí.

Ọba dé, ó jókòó. Ó wo agboòrùn tí ẹnikẹ́ni kò dì mú.

"Ó mà dúró ṣinṣin o."

Baálẹ̀ na ọrùn bí ẹni tí adé ti wà lórí rẹ̀. Àpótí adé wà lẹ́sẹ̀ Ọba.

Ẹ̀fúùfù dé. Agboòrùn Ọba ń jó lọ́wọ́ ẹni tó gbé e. Ti Baálẹ̀ kò mira. Wáyà dún páà, ó já. Igi márààrún fọ́n ká. Agboòrùn bo Baálẹ̀ dé èjìká, ẹ̀fúùfù gbá a, àga dà sẹ́yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì na sókè. Ọba rí ṣòkòtò rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọ̀jẹ́dòkun jáde láàárín èrò. Kò yára. Ó ṣí agboòrùn kúrò lórí Baálẹ̀, ó gbé e sókè, ó sì dúró tì í. Ẹ̀fúùfù ń fẹ́, apá rẹ̀ ń mì, agboòrùn kò ṣubú.

"Ẹ rọra, Baálẹ̀," ló wí. "Ẹ̀yin lẹ ń mì báyìí."

Ọba dìde.

"Baálẹ̀, apá tó ń mì ló ń gbé agboòrùn."

Wọ́n gbé àpótí padà sí ìlú òkè láìṣí i. Ohun tí kò bá lè mì, já ló máa já. Òun la fi ń pa á lówe.

Òpó náà ṣì wà níwájú ilé Baálẹ̀. Ewúrẹ́ ni wọ́n ń so mọ́ ọn.