Ọjọ́ Tí Wọ́n Fẹ́ Fa Tẹ̀tẹ̀ Àwẹ̀ró Tu

Àwẹ̀ró kì í ṣe ẹni tí í dákẹ́. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e níyàwó wá sí abúlé Ìdí-Ọsẹ̀ ni àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ ti mọ̀ pé bí wọ́n bá wá ọ̀rọ̀ tì níbòmíràn, wọn yóò rí i lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún tí igi wó lu Ògúndélé ọkọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀, tí kò lè dá oko mọ́, ẹnu nìkan ò bọ́ ilé. Ohun tó kù fún wọn àti àwọn ọmọ wọn kò ju ilẹ̀ àkùrọ̀ kékeré kan tó wà létí odò. Ibẹ̀ ni Àwẹ̀ró gbin tẹ̀tẹ̀ sí. Tẹ̀tẹ̀ yìí ni wọ́n ń sè jẹ, òun náà ni wọ́n ń tà fi ra iyọ̀ àti èlùbọ́.

Àwọn ará abúlé fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Ta ló ń gbin tẹ̀tẹ̀ sétí odò? Èyí tó bá lálẹ̀ hù fúnra rẹ̀ lẹ́yìnkùlé ni wọ́n ń já. Yàtọ̀ sí èyí, iyanrìn ló pọ̀ nínú ilẹ̀ náà, kò sí igi kan tó ṣíji bò ó, oòrùn a sì máa pa á láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Láṣebìkan, ẹ̀gbọ́n Ògúndélé, ló ni ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀bọ̀lọ̀ ni Láṣebìkan gbìn ní tirẹ̀, ó sì kẹ́ ẹ bí ìyàwó tuntun. Láti ìgbà tí ẹ̀bọ̀lọ̀ náà ti yọrí nílẹ̀ ló ti ta àtíbàbà imọ̀ ọ̀pẹ lé e lórí, kí oòrùn má baà kàn án. Ó sì ti pẹ́ tí ojú ọkùnrin yìí ti wà lára ilẹ̀ Àwẹ̀ró.

Ìdí-Ọsẹ̀ ní òfin kan nígbà náà. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, tí odò fà, àwọn ènìyàn a máa jà sí ilẹ̀ etí odò. Nítorí náà ni Baálẹ̀ àti àwọn àgbà fi máa ń dá ọjọ́ kan, tí wọn á wá wo ẹ̀fọ́ olúkúlùkù lọ́sàn-án gangan, nígbà tí òjìji ènìyàn bá sá sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Gbogbo ohun tó ń ṣíji bo ẹ̀fọ́ gbọ́dọ̀ ti kúrò láti àárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ̀fọ́ tó bá dúró, olóko rẹ̀ yege. Èyí tó bá tẹrí ba, wọn á fà á tu, wọn á sì gbé ilẹ̀ náà fún ẹni tí tirẹ̀ dúró jù. Wọ́n ní oòrùn kì í ṣègbè fẹ́nikẹ́ni. Kò sí ẹni tó ronú pé ó yẹ kí wọ́n bi ẹ̀fọ́ léèrè bóyá ó ń kú ni àbí ó ń sinmi.

Ọjọ́ pé. Áà, oòrùn ọjọ́ náà! Ilẹ̀ gbóná débi pé àwọn ọmọdé ń tọ pọ́n-ún pọ́n-ún lórí iyanrìn bí ẹni tó ń jó. Láṣebìkan kò ṣí àtíbàbà rẹ̀ láàárọ̀. Ìgbà tó gbọ́ ohùn àwọn àgbà lókèèrè ló tó sáré ká imọ̀ ọ̀pẹ kúrò, tó sì kó o pamọ́ sínú igbó. Nígbà tí wọ́n fi dé ibẹ̀, ẹ̀bọ̀lọ̀ rẹ̀ nàró, ó tutù yọ̀yọ̀.

"Ẹ̀fọ́ rèé!" Baálẹ̀ Àjàgbé kígbe.

Wọ́n kọjá sí ti Àwẹ̀ró. Gbogbo tẹ̀tẹ̀ rẹ̀ ló ti rọ wálẹ̀ bí etí ewúrẹ́. Láṣebìkan pàtẹ́wọ́.

"Háà! Tẹ̀tẹ̀ tẹ́! Àárín àwọn ẹ̀fọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ló tẹ́ sí! Ìyàwó wa, pẹ̀lẹ́ o. A kì í fi ẹnu bomi rin ẹ̀fọ́."

Àwọn ènìyàn bú sẹ́rìn-ín. Baálẹ̀ ní kí wọ́n mú ọkọ́ wá. Kí ọkọ́ tó délẹ̀, Àwẹ̀ró ti ju ara rẹ̀ sílẹ̀ gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè.

"Baálẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fi ọkọ́ yẹn hú èmi! Tẹ̀tẹ̀ yìí ò kú. Bó ṣe ń ṣe lójoojúmọ́ nìyí. Bí oòrùn bá le, á wólẹ̀. Bí oòrùn bá rọ̀, á dìde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró di ìrọ̀lẹ́."

"Òkú wo ló ń dìde nírọ̀lẹ́?" Láṣebìkan bi í.

"Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ẹ jẹ́ ká jọ wò ó. Bí kò bá dìde, ẹ gba ilẹ̀, èmi ni n ó sì máa pọnmi sí ẹ̀bọ̀lọ̀ yín títí òjò àkọ́rọ̀ yóò fi dé. Bó bá wá dìde ńkọ́?"

"Bó bá dìde, èmi Láṣebìkan ni n ó máa pọnmi sí tìrẹ!"

Ariwo sọ! Baálẹ̀ pàápàá rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n fi ọkọ́ lélẹ̀, kí gbogbo ènìyàn jókòó. Ṣùgbọ́n Àwẹ̀ró ń wo ojú ọ̀run. Oòrùn kan ò tíì le tó báyìí láti ìgbà tó ti gbin tẹ̀tẹ̀ náà, ẹ̀rù sì bà á pé ó lè jẹ́ òní gan-an ni kò ní dìde.

Ìròyìn ràn ká. Àwọn tó wà lóko òdìkejì odò sọdá wá. Àwọn obìnrin ń sun iṣu, wọ́n ń fi epo pa á jẹ. Láṣebìkan jókòó sábẹ́ igi ọsẹ̀, ó ń yangàn. Ìgbà náà ni ìyàwó rẹ̀, Ìyá Gbádé, yọ́ bá a.

"Bàbá Gbádé, oòrùn ti ń jó ẹ̀bọ̀lọ̀ wa o. Ẹ jẹ́ ká dá imọ̀ ọ̀pẹ yẹn padà sórí rẹ̀."

"Dákẹ́! Ṣé o fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé a ò ṣí i láàárọ̀ ni?"

Obìnrin náà padà sídìí iṣu tó ń sun.

Oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀. Òjìji gùn, afẹ́fẹ́ fẹ́ wá láti ojú odò. Tẹ̀tẹ̀ kò mira. Láṣebìkan dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó sì na ọwọ́ sí ọkọ́. Ògúndélé, tó ti ń fi ọ̀pá tilẹ̀ yí ebè ká láti ọ̀sán, ló lọgun lójijì.

"Àwẹ̀ró! Wò ó! Ọwọ́ ọ̀tún rẹ!"

Ewé kan ti gbórí. Kò pẹ́, èkejì rẹ̀ gbé tirẹ̀. Ó ti ibẹ̀ ran òmíràn, ó ràn káàkiri ebè, wọ́n ń nà, wọ́n ń tẹ́jú, àwọn ènìyàn sì ń ti ara wọn kí wọ́n lè rí i. "Ó ń dìde! Ó ń dìde o!" Kí àwọn lékeléke tó fò kọjá lọ sílé, tẹ̀tẹ̀ ti dúró ṣánṣán láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Àwẹ̀ró ń fò sókè, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì dì mọ́ ọkọ rẹ̀ tí àwọn méjèèjì fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú.

Láàárín ariwo yìí ni Ìyá Gbádé ké: "Ẹ̀bọ̀lọ̀ wa o!"

Gbogbo ojú yí síbẹ̀. Ẹ̀bọ̀lọ̀ tó tutù yọ̀yọ̀ lọ́sàn-án ti funfun tótòtó lára, àfi bí ẹni pé wọ́n da omi gbígbóná lé e lórí. Ó ti dojú bolẹ̀, afẹ́fẹ́ ìrọ̀lẹ́ kò sì ta á jí.

"Láṣebìkan, kí ló ṣe é?" Baálẹ̀ bèèrè.

Ìyàwó rẹ̀ ló dáhùn.

"Bàbá, kò rí oòrùn rí ni. Abẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ ló ti dàgbà. Ìgbà tí ẹ̀ ń bọ̀ lọ́sàn-án la tó ṣí i."

Ẹnu Àwẹ̀ró bá tú. "Ẹ gbọ́ ná! Ojú oòrùn ni ewé ti ń wá oúnjẹ rẹ̀. Èyí tó ti ń jẹ ẹ́ láti kékeré mọ bó ṣe ń ṣe é. Bó bá ti pọ̀ jù, á ká ara rẹ̀ jọ, kí oòrùn má baà fa omi ara rẹ̀ gbẹ. Bí ọ̀sán bá ti rọ̀, gbòǹgbò á fa omi sókè fún un, á tún nàró. Ẹ̀yin fi oúnjẹ pamọ́ fún ẹ̀bọ̀lọ̀ láti ọjọ́ tó ti hù, ẹ wá da gbogbo rẹ̀ lé e lórí lọ́sàn-án ọjọ́ kan ṣoṣo. Báwo ni kò ṣe ní kú?"

Baálẹ̀ ní kó tó, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ ìbá ṣú mọ́ wọn síbẹ̀. Ó pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ọ̀sán gangan dá ẹjọ́ ẹ̀fọ́ mọ́ ní Ìdí-Ọsẹ̀, àti pé ilẹ̀ Àwẹ̀ró di ti Àwẹ̀ró.

Gbogbo ènìyàn wá ń wo Láṣebìkan. Ó gbé akèrègbè, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sódò. Nígbà tó padà dé, ó bẹ̀rẹ̀, ó rọra da omi sídìí tẹ̀tẹ̀.

"Ìyàwó wa," ó ní, "mo ní tẹ̀tẹ̀ tẹ́. Èmi ni mo tẹ́."

Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni àwọn àgbà ti ń wí i, tí àwa náà sì gbà á lẹ́nu wọn, pé tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́.