Kọ́kọ́rọ́ Tí Oyèṣínà Tì Mọ́ Inú Àpótí

"Ẹni tó ti kọ́kọ́rọ́ mọ́ inú àpótí, kó yé bú ará ilé pé wọn ò wọṣọ." Ṣé ẹ ti gbọ́ òwe yìí rí? Bí ẹ bá ti bá àwọn tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní agbègbè Ẹdẹ jókòó pẹ́, wọn yóò ti pa á létí yín. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè ibi tó ti ṣẹ̀. Wọn yóò ní láyé àtijọ́ ni, nígbà tí àwọn baba ńlá wa ń kó aṣọ sínú àpótí. Irọ́ ni. Òwe náà kò tíì hu irùngbọ̀n. Ẹni tí wọ́n tìtorí rẹ̀ pa á ṣì wà láyé, ó ń jẹun, ó sì ń sanra.

Oyèṣínà lorúkọ rẹ̀, Ìbàdàn ló sì ń gbé. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló jọ kọ sọ́fítíwíà kan tí wọ́n pè ní Àjọlò. Iṣẹ́ tí Àjọlò ń ṣe kò ṣòroó ṣàlàyé. Kọ̀ǹpútà alágbára kan ṣoṣo yóò wà ní yàrá inú, òun ni yóò máa ṣe gbogbo làálàá. Àwọn ògbólógbòó kọ̀ǹpútà tó wà níta, tí wọn ò lókun mọ́, yóò kàn máa gba iṣẹ́ tó ti jinná lọ́wọ́ rẹ̀, bí ìgbà tí ìyá kan ń dáná fún gbogbo agboolé. Ilé iṣẹ́ tó bá ní Àjọlò kò tún ní í máa ra kọ̀ǹpútà tuntun. Ọ̀fẹ́ sì ni. Wọ́n tún ṣí inú rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu, kí ẹnikẹ́ni lè wo bí wọ́n ṣe kọ ọ́, kó tún un ṣe, kó fún ẹlòmíràn, kó tilẹ̀ tà á bó bá wù ú. Inú rere ńlá! Ọdún ń gorí ọdún, wọn ò gbúròó ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ń lò ó.

Ọ̀rọ̀ yìí dun Oyèṣínà wọra. Ohun tó ń fẹ́ láyé kò ju kó wọ ọ́fíìsì kan lọ́jọ́ kan, kó bá àwọn èèyàn níbi tí wọ́n ti ń fi Àjọlò wá oúnjẹ òòjọ́ wọn. Àmọ́ bí ẹ bá bi í pé kí ló dé tí kò rí bẹ́ẹ̀, èsì ti wà lẹ́nu rẹ̀: àwọn oníṣòwò wa kò fẹ́ nǹkan tó dára. Ọ̀lẹ ni wọ́n, wọn kì í kàwé, nǹkan olówó gọbọi láti òkè òkun nìkan ló ń wọ̀ wọ́n lójú. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ a mi orí, wọn a ní òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Lẹ́yìn náà, wọn a padà sídìí iṣẹ́, wọn a fi nǹkan tuntun kún ohun tí ẹnikẹ́ni kò lò.

Ẹgbẹ́ náà ní àṣà kan. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé àárín wọn, wọn kì í kọ́ ọ ní ohunkóhun. "Lọ ka ìwé ìtọ́nisọ́nà" ni ẹ káàbọ̀ tiwọn. Ìyà tó bá jẹ ẹ́ kó tó mọ̀ ọ́n ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ojúlówó ni. Ìwé ìtọ́nisọ́nà ọ̀hún sì wà lóòótọ́. Oyèṣínà ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́, ó gùn, ó sì yé ni yékéyéké. Kó má bàa sọnù, wọ́n fi í sínú Àjọlò fúnra rẹ̀. Bí Àjọlò bá ti ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà rẹ, wàá rí ìwé náà ní igun ọwọ́ ọ̀tún, wàá tẹ̀ ẹ́, yóò sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń mú Àjọlò ṣiṣẹ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọ̀mọ̀wé ni wọ́n.

Abọ́sẹ̀dé, ẹ̀gbọ́n Oyèṣínà lóbìnrin, ní gbọ̀ngàn kan ní Ẹdẹ níbi tí àwọn ọmọ tó fẹ́ wọ yunifásítì ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣèdánwò. Àwọn kọ̀ǹpútà ibẹ̀ ti darúgbó. Bí o bá tàn wọ́n, o lè lọ ra ẹ̀kọ, kí o sì jẹ ẹ́ tán, kí wọ́n tó jí. Nígbà tó yá, àjọ tó ń bójú tó ìdánwò ránṣẹ́ sí i pé àwọn ń bọ̀ wá ṣàyẹ̀wò ní Ọjọ́bọ̀. Bí kọ̀ǹpútà bá ṣì ń wọ́ bẹ́ẹ̀, àwọn yóò gba ìwé àṣẹ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Gbọ̀ngàn yìí ni obìnrin náà fi ń tọ́ ọmọ láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Ẹ̀rù bà á gidigidi. Ó wá rántí pé àbúrò òun ló ní oògùn àrùn yìí gan-an, ó sì tẹ̀ ẹ́ láago.

Inú Oyèṣínà dùn. Ilé iṣẹ́ àkọ́kọ́ rèé! Ẹlòmíràn ì bá ti wọkọ̀ lọ sí Ẹdẹ kó lọ ran ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n Oyèṣínà ní ìlànà. Bí òun bá lọ bá a ṣe é, ayé yóò ní torí ẹbí ló ṣe lò ó. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun gbà á wá sórí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Abọ́sẹ̀dé ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú kọ̀ǹpútà dúdú kirikiri, ìlà funfun kékeré kan ń ṣẹ́jú níbẹ̀, kò sì sọ nǹkan kan. Obìnrin náà tún pe àbúrò rẹ̀, ó fi oríkì rẹ̀ pè é.

"Àkànní, ó dúdú o. Kí ni kí n tẹ̀?"

"Ẹ ka ìwé ìtọ́nisọ́nà, ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti kọ gbogbo ẹ̀ síbẹ̀."

"Ibo ni ìwé náà wà?"

"Ó wà nínú Àjọlò."

"Báwo ni mo ṣe máa wọ inú Àjọlò?"

"Ó wà nínú ìwé ìtọ́nisọ́nà."

Ẹ̀gbọ́n dákẹ́. Àbúrò náà dákẹ́, ó rò pé ẹ̀kọ́ ló ń wọlé.

"Àkànní," ni Abọ́sẹ̀dé wí nígbà tó yá, "Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń bọ̀ o. Bí wọ́n bá ti ibí yìí pa, kí ni èmi àtàwọn ọmọ máa jẹ?"

Oyèṣínà ní kó fara balẹ̀, kó gbìyànjú sí i, ó ṣe tán, àwọn náà ò rẹ́ni kọ́ àwọn. Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó sì sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun pàápàá wà lára àwọn tí kò fẹ́ nǹkan tó dára.

Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ dé, ọkàn Oyèṣínà ò balẹ̀. Ìlànà kò ṣáà ní kéèyàn má lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kẹ́dùn. Ó forí lé Ẹdẹ. Bó ṣe ń wọlé ni àwọn aṣàyẹ̀wò ń jáde tẹ̀rín-tẹ̀rín. Nínú gbọ̀ngàn, gbogbo àwọn arúgbó kọ̀ǹpútà wọ̀nyẹn ń sáré bí ọmọdé. Oyèṣínà wo ojú ọ̀kan, ó tún wo òmíràn. Àjọlò ni! Ó mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé omi lé sójú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti rí i ṣe!"

"Èmi kọ́," ni Abọ́sẹ̀dé dáhùn. Ó nawọ́ sí ọkùnrin kan tó wọ kóòtù, tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. "Ọwọ́ Ọ̀gbẹ́ni Látúnjí ni mo ti rà á."

Látúnjí, oníṣòwò kọ̀ǹpútà láti Òṣogbo, fò dìde, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja nígbà tó gbọ́ orúkọ àlejò náà. Ó ní kò sẹ́ni tóun fẹ́ rí láyé bí ọ̀gá òun yìí. Ó ti pẹ́ tóun ti ń bá Àjọlò jìjàkadì, ojú òun sì rí màbo kóun tó wọ inú rẹ̀. Nígbà tóun wọlé, òun yọ ìwé ìtọ́nisọ́nà jáde, òun tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Òun fi bọ́tìnnì kan ṣoṣo sí i, wọ́n kọ "Bẹ̀rẹ̀" sí i lára. Òun sì fi nọ́ńbà fóònù kún un, ẹni tó bá pè é, èèyàn á gbé e. Láti Ẹdẹ títí dé Ìkìrun, àwọn ilé ìwé àtàwọn ilé ìtajà oògùn ti ń rà á lọ́wọ́ òun.

"Tiyín ni gbogbo ẹ̀, ọ̀gá mi. Orúkọ yín ṣì wà nínú ẹ̀. Ilẹ̀kùn nìkan ni mo fi sí i."

Kí ni Oyèṣínà fẹ́ sọ? Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ pé kí ẹni tó bá wù ú tà á. Ohun tó ti ń gbàdúrà fún láti ọjọ́ yìí ti ṣẹlẹ̀, kò sì sẹ́ni tó rántí láti sọ fún un. Ó dùn ún. Nígbà tí kò rí nǹkan fi bú Látúnjí, ó kọjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ọ̀fẹ́ ni mo fún yín, ẹ wá lọ fowó rà á! Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ kì í fẹ́ nǹkan dáadáa!"

Abọ́sẹ̀dé, tí kò rí oorun sùn láti ọjọ́ tó ti tẹ̀ ẹ́ láago, kò pariwo.

"Àkànní, o ra aṣọ fún gbogbo ilé, o ṣeun. O kó o sínú àpótí, o ti kọ́kọ́rọ́ mọ́ inú ẹ̀. O wá jókòó lé àpótí lórí, ò ń bú wa pé ìhòòhò ló wù wá. Òtútù fẹ́ pa mí, àbúrò mi. Mo pè ọ́, ìwé lo ní kí n lọ kà."

Oyèṣínà gbéra. Nígbà tó padà dé Ìbàdàn, ó sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n yọ ìwé ìtọ́nisọ́nà síta, kí wọ́n sì fi bọ́tìnnì kan sí Àjọlò. Wọ́n takú. Ọ̀kan nínú wọn béèrè pé bó bá ti rọrùn tó bẹ́ẹ̀, báwo ni àwọn yóò ṣe mọ ẹni tó jẹ́ ojúlówó? Oyèṣínà wo ọkùnrin náà títí, ó sì gé ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kúrú, ó ní, "Ẹni tó ti kọ́kọ́rọ́ mọ́ inú àpótí, kó yé bú ará ilé pé wọn ò wọṣọ." Ó sì jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìwé náà síta fúnra rẹ̀.

Ibẹ̀ ni òwe náà ti ṣẹ̀. Wọ́n ń pa á fún ẹni tó ní nǹkan rere, tó ń fi lọ gbogbo ayé, àmọ́ tó mú ọ̀nà rẹ̀ ṣòro, tó wá ń ráhùn pé àwọn èèyàn kò wá. Wọn kì í pa á fún ahun, torí kò sẹ́ni tó ń retí aṣọ lọ́wọ́ ahun. Ọ̀làwọ́ ni wọ́n ń pa á fún, ọ̀làwọ́ tó fẹ́ ká máa dúpẹ́, tí kò sì fẹ́ kí ọwọ́ wa tó o.