Bí Òòrẹ̀ Ṣe Di Ẹni Tó Ń Ru Ọfà Láìní Ọrun

Nígbà láéláé, kí àwọn ẹranko tó gbàgbé bí a ṣe ń fi ẹsẹ̀ méjì dúró, ẹ̀yìn òòrẹ̀ ń dán bí ìkòkò tuntun. Bẹ́ẹ̀ ni, òòrẹ̀ yìí kan náà. Ìyàwó rẹ̀ a máa fi òróró pa á lẹ́yìn. Àwọn ọmọ rẹ̀ a máa gun ẹ̀yìn náà bí ẹni gun ẹṣin, kò sì sí ohun tó ń gún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí òòrẹ̀ òde òní, ẹ mọ̀ pé kò sí ọmọ tó jẹ́ dán irú rẹ̀ wò. Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Ẹ jókòó dáadáa kí n sọ ọ́.

Ní ayé ìgbà náà, tafàtafà ni Òòrẹ̀. Igi àyàn ni wọ́n fi gbẹ́ ọrun rẹ̀, ọṣán rẹ̀ sì nípọn bí ìka ọwọ́ àgbà. Kò sí ẹlòmíràn tó lè fà á. Ọ̀bọ dán an wò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú. Àgbọ̀nrín dán an wò, odindi ọ̀sẹ̀ kan ni kò fi lè gbé ọwọ́ dé ẹnu jẹun. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọrun náà ní Ta-ní-ó-fà-á.

Òòrẹ̀ kò fi ọrun náà ṣe fáàrí. Odò kan ṣoṣo ló wà nínú igbó wọn, Ìkookò sì ń gbé ní òdìkejì rẹ̀. Ọmọ kéékèèké ni Ìkookò fẹ́ràn láti jẹ jù. Òòrẹ̀ ni olùṣọ́ odò. Bí ó bá ti dúró létí omi pẹ̀lú Ta-ní-ó-fà-á, àwọn ọmọ ẹranko á pọnmi, wọn á wẹ̀, wọn á sì padà sílé ní pípé. Ní ọjọ́ tí kò bá sí níbẹ̀, ẹnì kan lè má padà.

Lọ́dọọdún, bí ọyẹ́ bá ti mú, Erin ọba á pe gbogbo tafàtafà sí pápá. Wọ́n á fi ẹfun kun ojú kan sára igi ọ̀pẹ. Ẹni tí ọfà rẹ̀ bá ba ẹfun náà ni yóò ṣọ́ odò títí di ọyẹ́ mìíràn. Òfin kan sì wà: olúkúlùkù gbọ́dọ̀ fi ọrun ara rẹ̀ ta. Ẹni tó bá fa ọrun ẹlòmíràn níwájú Erin ti gbé ipò rẹ̀ fún ẹni tó ni ọrun nìyẹn. Ọ̀bọ ló fa òfin náà. Ó jí ọrun Àgbọ̀nrín lọ́dún kan, ó sì fẹ́ fi gba oyè. Ẹ kúkú mọ Ọ̀bọ.

Ọdún méje ni Òòrẹ̀ fi ṣọ́ odò. Ní ọdún kẹjọ, nígbà òjò, Ìkookò yọ́ wọ inú omi bọ̀ ní ọ̀sán gangan. Òòrẹ̀ rí i. Ó fa Ta-ní-ó-fà-á, ó tú ọfà sílẹ̀, ọfà náà sì gé etí Ìkookò. Ìkookò sá padà, ó ń ké, kò sì yọjú mọ́ títí ọyẹ́ fi dé. Ṣùgbọ́n orí òkúta tó ń yọ̀ ni Òòrẹ̀ dúró sí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó fi èjìká ọ̀tún lulẹ̀, èjìká náà sì yẹ̀.

Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ Ìyá Ìgbín, nítorí òun ló ń to eegun nínú igbó náà. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Òótọ́ ni pé Ìgbín kò ní eegun kan ṣoṣo lára, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní nǹkan ló ń mọ iyì rẹ̀.

Ìyá Ìgbín rọra gun èjìká Òòrẹ̀. Ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún. Ó gbá ara rẹ̀ jọ, ó tẹ ibi kan gbọn-in, eegun náà sì dún kọ́ọ́, ó wọlé. Omi tútù ara rẹ̀ ṣàn bo èjìká náà, ìrora sì rọlẹ̀.

“Oṣù kan gbáko, o kò gbọdọ̀ gbé ọwọ́ yìí sókè,” ni Ìyá Ìgbín wí. “Bí oṣù bá pé, kí o padà wá.”

Nígbà tí oṣù pé, Òòrẹ̀ padà wá. Ó bá ọrun kékeré kan tí wọ́n fi kọ́ ẹnu ọ̀nà Ìyá Ìgbín. Igi àtòrì ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì fúyẹ́.

“Mú ọrun yìí,” ni Ìyá Ìgbín wí. “Máa fi ta ọfà mẹ́wàá láràárọ̀. Bí oṣù tuntun bá lé, kí o sọ ọ́ di ogún. Má fọwọ́ kan Ta-ní-ó-fà-á títí n óò fi sọ pé ó yá.”

Òòrẹ̀ wo ọrun náà tìtìjú-tìtìjú. “Ìyá, èyí tí àwọn ọmọ mi fi ń pa aláǹgbá le ju èyí lọ.”

“Èjìká àwọn ọmọ rẹ kò yẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Gbà, jàre.”

Òòrẹ̀ gbà á. Ó wò ó síwá, ó wò ó sẹ́yìn, kò rí àmì ẹnikẹ́ni lára rẹ̀. Ó wù ú kí ó béèrè ẹni tó ni ín, ṣùgbọ́n ó pa ẹnu mọ́. Nínú igbó wọn, aláìsàn kì í bi ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ ní ìbéèrè. Wọ́n ní ìbéèrè ń ba oògùn jẹ́. Èmi kò mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó dá mi lójú pé ẹni náà kò fẹ́ràn kí wọ́n máa yọ òun lẹ́nu.

Òòrẹ̀ gbé ọrun náà lọ sẹ́yìn ọ̀gán ńlá kan, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní rí i. Ó wo ewé gbígbẹ kan, ó ta á. Ọfà náà fò lọ jẹ́jẹ́, ó gún ewé náà láàárín. Òòrẹ̀ ní bóyá ó ṣèèṣì ni. Ó wo ewé mìíràn, ó ta á, ọfà tún gún un láàárín.

“Kí ló dé?” ni Òòrẹ̀ bi ara rẹ̀. “Kí ló dé tí ọfà kékeré yìí ń lọ síbi tí mo wò?”

Ó jókòó, ó ronú. Ó dìde, ó ta ọ̀kan sí i, ó ń ṣọ́ ara rẹ̀ bí ẹni ń ṣọ́ olè. Ìgbà náà ló rí i. Nígbà tí ó bá ń fa Ta-ní-ó-fà-á, gbogbo ara rẹ̀ ló máa ń gbọ̀n, eyín rẹ̀ á wa pọ̀, ojú rẹ̀ á sì dì. Láti ọdún méje ló ti ń dijú ta ọfà, kò sì mọ̀! Ẹ ò rí i pé orí ló ń kó o yọ.

Láti ìgbà náà, ilẹ̀ kì í mọ́ tán kí Òòrẹ̀ tó dé ẹ̀yìn ọ̀gán. Ó ń fẹ́ mọ ohun mìíràn tí ọrun kékeré náà lè ṣe. Ó ta òwú àràbà tó ń fò lójú afẹ́fẹ́. Ó ta ọrùn èso ọ̀pọ̀tọ́ kan, èso náà já bọ́ sí i lọ́wọ́ láìfọ́, ó sì jẹ ẹ́. Bí ó bá jẹ́ Ta-ní-ó-fà-á ni, èso náà ìbá di omi. Inú Òòrẹ̀ dùn gan-an. Èjìká rẹ̀ náà sì ń dára sí i.

Ṣùgbọ́n ọyẹ́ ọdún náà kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ó ku oṣù kan kí èjìká Òòrẹ̀ pé, Erin ti ní kí gbogbo tafàtafà wá sí pápá lọ́la.

“Ọrun kékeré ni kí o gbé lọ,” ni Ìyá Ìgbín wí fún un. “Òfin kò ní kí ọrun le. Ohun tí òfin wí ni pé kí ọfà ba ẹfun.”

“Mo gbọ́, Ìyá,” ni Òòrẹ̀ wí. Ṣùgbọ́n nígbà tó délé, kò lè jẹun.

“Kí ló ń dùn ọ́?” ni ìyàwó rẹ̀ bi í.

“Ẹnu ọ̀nà Ìyá Ìgbín ni ọrun yìí wà tí mo fi gbà á. Tiwọn ni. Bí mo bá fà á níwájú Erin, Ìyá Ìgbín di olùṣọ́ odò nìyẹn. Kí wọ́n tó wọ́ dé etí omi, Ìkookò á ti jẹ ọmọ wa tán, á ti nu ẹnu.”

“O ò ṣe bi wọ́n léèrè?”

“Aláìsàn kì í béèrè. O ò mọ̀ ni?”

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Òòrẹ̀ kó ọfà kún apó, ó gbé apó kọ́ ẹ̀yìn, ó sì mú Ta-ní-ó-fà-á lọ sí pápá.

Gbogbo àgbà ẹranko ti pé. Ọ̀bọ ta, ó tàsé. Àgbọ̀nrín ta, ó tàsé. Ó kan Òòrẹ̀. Ìyá Ìgbín, tó ti ń bọ̀ láti àná, ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ sí etí pápá ni. Ó rí ohun tó wà lọ́wọ́ Òòrẹ̀.

“Òòrẹ̀! Ọrun wo lo gbé dání yẹn?”

Ẹ̀pa kò bóró mọ́. Òòrẹ̀ ti fà á. Èjìká rẹ̀ dún kọ́ọ́, ó yẹ̀ padà. Ọrun fò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbá a láyà, ó gbé e ṣubú sẹ́yìn lé apó. Apó ya. Gbogbo ọfà inú rẹ̀ wọ Òòrẹ̀ lẹ́yìn, láti ọrùn títí dé ìdí, ṣóńṣó wọn sì kọjú síta.

Ìyá Ìgbín wọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. “Kí ló dé tí o kò fi lo ọrun rẹ kékeré?”

“Ọrun tèmi kẹ̀? Tiyín ni, Ìyá. Mo bẹ̀rù kí ipò yìí má lọ di tiyín.”

“Tèmi?” Ìyá Ìgbín na ara rẹ̀ jáde nínú ìkarahun. “Òòrẹ̀, wò mí dáadáa. Ọwọ́ mi dà? Kí ni ìgbín fẹ́ fi ọrun ṣe? Àkókó ni mo bẹ̀ kí ó gbẹ́ ẹ fún ọ. Ìwọ ni mo ń retí kí o fi àmì rẹ sí i.”

Òòrẹ̀ wò ó. Kò sí ọwọ́ lóòótọ́. Ohun tí gbogbo ojú ń rí lójoojúmọ́ ni, kò sì rí i. Ó bú sẹ́kún, kì í sì í ṣe nítorí èjìká.

Ìyá Ìgbín yẹ àwọn ọfà náà wò. “Bí mo bá fa gbogbo wọn yọ, ẹ̀mí rẹ á bá wọn jáde,” ni ó wí. “Kí wọ́n máa wà níbẹ̀.”

Ẹnu rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí wà nígbà tí igbe ta létí odò. Ìkookò mọ̀ pé pápá ni gbogbo tafàtafà wà lónìí. Ó ti la omi kọjá, ó sì ti ká àwọn ọmọ mọ́ ẹ̀bá òkúta. Ọmọ Òòrẹ̀ méjì wà lára wọn.

Ọ̀bọ gun igi. Àgbọ̀nrín wá ọfà, kò rí. Òòrẹ̀ kò dúró wá nǹkan kan. Ó fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sáré, nítorí kò lè nàró mọ́, ó sì bọ́ sáàárín Ìkookò àti àwọn ọmọ náà.

“Òòrẹ̀, ọrun rẹ dà?” ni Ìkookò wí, ó ń rẹ́rìn-ín.

Òòrẹ̀ kò ní ọrun. Kò ní ọwọ́ tó ṣe é gbé. Ó ṣe ohun tí gbogbo òbí ń ṣe: ó kọ ẹ̀yìn sí Ìkookò, ó sì fi ara bo àwọn ọmọ náà mọ́lẹ̀. Ìkookò fò mọ́ ọn. Igbe tí Ìkookò ké lọ́jọ́ náà, Erin gbọ́ ọ ní pápá. Ó sá padà wọ odò pẹ̀lú ọfà mẹ́ta ní ẹnu àti mẹ́rin ní imú, àwọn ọmọ sì lọ sílé ní pípé.

Láti ọjọ́ náà ni òòrẹ̀ ti ń ru ọfà láìní ọrun. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rin rìn, tí ó sì ń kọ ẹ̀yìn sí ọ̀tá rẹ̀ jà. Ṣùgbọ́n kì í dédé jà. Á kọ́kọ́ gbọn àwọn ọfà ẹ̀yìn rẹ̀, wọn á máa dún ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀. Ìbéèrè ni ó ń béèrè: Ta nìyẹn? Kí lo wá ṣe? Bí ẹ bá gbọ́ ọ nínú igbó, ẹ dá a lóhùn, kí ẹ sì gba ọ̀nà mìíràn kọjá. Òòrẹ̀ ti búra pé òun kò tún ní ṣe ohunkóhun láìkọ́kọ́ béèrè.